Ilé Ta Ni O Dé Sí? Ìtàn Ibùwọ̀ àti Oúnjẹ Àwọn Ọmọ Ọ̀fà ní Etí Òkun

Ní ìparí ọdọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi bá ń wálé, ẹjọ́ kan wà tí ó máa ń dé etí àwọn àgbà kí àwọn ọmọ náà fúnra wọn tó dé. Ẹjọ́ náà ni pé lágbájá ọmọ tàmẹ̀dù sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó jẹun ní ilé oúnjẹ kan létí òkun, kò sì yọjú sí ilé àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó wà ní Mushin. Àwọn àgbà a mi orí. Wọn a ní láyé àtijọ́, ọmọ Ọ̀fà kì í wọ Èkó kí ó má mọ ilé tí yóò dé sí, àti pé kò sí ẹni tí ó ń san kọ́bọ̀ kí ó tó rí ibi fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí títí ó fi sú mi, èmi náà sì ti bá wọn dá a rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti ro bí nǹkan ti rí gan-an ní ayé àwọn bàbá wa, mo rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni òtítọ́. Òtítọ́ ni pé wọ́n mọ ilé tí wọn yóò dé sí. Pé ọ̀fẹ́ ni, irọ́ ni. Ẹnì kan ń san owó ibùwọ̀ náà, ẹnì kan sì ń se oúnjẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé kankan. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú kí ó fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Àlejò ṣíṣe kò ṣàjèjì sí ìran wa. Lẹ́yìn ìdótì tí ó pẹ́, ogun Ìlọrin fọ́ Ọ̀fà ní nǹkan bí 1890, àwọn ènìyàn wa sì túká sí ìlú onílùú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wá tún ilé kọ́. Ọmọ Ọlálọmí tí a bí ní àkókò yẹn ti mọ bí a ti ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn kí ó tó mọ ilé bàbá tirẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí a lò nígbà tí ojú irin dé.

Ní 1896 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Láàárín Òṣogbo àti Ìlọrin ni Ọ̀fà wà, nítorí náà a kò wá rélùwéè kiri. Òun ni ó wá bá wa. Kí ó tó dé, ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni Èkó jẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí ó dé, obìnrin tí ó di ẹrù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ lè gbọ́ ariwo Ìddó kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Ìyípadà yìí ni ó sọ etí òkun di ibi tí àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, ọmọ ilé-ìwé àti ìyàwó ilé lè lọ kí wọ́n sì padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní ìbátan kankan tí ó ń gbé níbẹ̀.

Ìrìn náà ní oúnjẹ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ rélùwéè láyé ìgbà náà mọ̀ pé ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí wọ́n ń gbé wá sí ojú fèrèsé. Bí ọkọ̀ bá ti dúró láti mu omi, àwọn ọlọ́jà a sáré bò ó pẹ̀lú igbá lórí, ẹlẹ́kọ, alákàrà, oníṣu sísè, ẹlẹ́yin, olómi. Owó ń lọ sísàlẹ̀, oúnjẹ ń bọ̀ lókè, nígbà mìíràn ọkọ̀ a sì ti gbéra kí ṣéńjì tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ní tiwa, ànàmọ́ ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa Ọ̀fà mọ ànàmọ́ wa. A máa ń sè é, a máa ń dín in, a sì máa ń gbé e ní tútù sínú àpò lọ fún onílé ní Èkó, nítorí pé ọwọ́ òfo kò ṣeé gbé dé ilé ẹni tí yóò fún ni ní ẹní.

Ìddó ni òpin ojú irin. Níbẹ̀ ni àlejò ti ń gbọ́ ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí: ilé ta ni o dé sí? Ẹni tí ó bá lè dáhùn, alábàárù a gbé ẹrù rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfura-tìfura, àwọn gbájú-ẹ̀ a sì ti mọ̀ pé ẹran ìjẹ dé. Kò sí àdírẹ́sì púpọ̀ nínú ìdáhùn náà. Orúkọ ènìyàn ni àdírẹ́sì. Wọn a ní, "Ilé bàbá Ọlọ́fà oníṣẹ́ rélùwéè, ní Èbúté Mẹ́tà," ó sì tó. Èbúté Mẹ́tà kò jìnnà sí Ìddó, ibẹ̀ ni ọgbà iṣẹ́ rélùwéè wà, ọjà Òyìngbò sì wà nítòsí. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn tí ó ń lọ sí Erékùṣù ni ó ń gba orí afárá Carter kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ti rí, nítorí pé àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó lè máa rò pé ààfin ni. Yàrá kan ni onílé wa sábà máa ń ní, nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ayálégbé ni òun náà. Yàrá yìí ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Bí àlejò bá dé, a ó gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó ta kọ́tìnnì sí àárín, a ó tẹ́ ẹní sí ìhín kọ́tìnnì. Bí àlejò bá pé mẹ́ta, ọkùnrin inú wọn a bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí ó la ilé já, níbi tí gbogbo ayálégbé ń gbé ìkòkò wọn sí. Bí ẹ̀fọn kò bá jẹ ọ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń lọ sí ilé ìgbẹ́ lóru yóò gbá ọ lórí. Omi ẹ̀rọ ń bẹ lójú títì, a sì ń tò fún un kí ilẹ̀ tó mọ́.

Owó yàrá kò jáde lápò àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ìyàwó onílé ni ó mọ ìtumọ̀ òwe yìí jù. Òun ni ó ń jí ṣáájú, òun ni ó ń pọn omi ìwẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀, òun ni ó ń fi ìwọ̀n èlùbọ́ ènìyàn márùn-ún bọ́ ènìyàn mẹ́jọ. Bí ẹran kò bá kárí, abọ́ tirẹ̀ ni kì í dé. Àlejò a sì padà sí Ọ̀fà, a máa yin ọkọ fún gbogbo ìlú pé ènìyàn dáadáa ni. Mo gbọ́ ìyìn bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní kékeré mi. N kò rántí pé mo gbọ́ orúkọ ìyàwó kan nínú rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn tí ó ní owó lọ́wọ́ kò fi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì nígbà náà. Ìdáhùn kan ni pé òtẹ́ẹ̀lì tí ó gbayì kò ṣí sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ èyí dájú ní oṣù kejì 1947. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ivor Cummings, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Sierra Leone, jẹ́ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àbójútó àwọn ilẹ̀ àmúsìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìjọba ni ó gbé e wá sí Èkó, wọ́n sì ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Gíríìkì ni ó ni òtẹ́ẹ̀lì náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni ó ń jẹ́ Cummings, wọ́n kọ̀ láti gbà á.

Èkó gbóná. Àwọn olóṣèlú tí kì í fi ojú rere wo ara wọn dìde pọ̀, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ lákọtúnkọ, títí gómìnà, Sir Arthur Richards, fi gbé ìwé jáde pé kí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dópin ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òṣìṣẹ́ ìjọba aláṣọ kóòtù ni wọ́n lé. Bí a bá lé Cummings tí ìjọba rán níṣẹ́, kí ni a rò pé wọn yóò ṣe sí oníṣòwò ará Ọ̀fà tí ó gbé àpò ànàmọ́ lérí? Àṣà ni ó mú kí àwọn bàbá wa dé sí ọ̀dọ̀ ará ilé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi àṣà nìkan ṣe àlàyé rẹ̀ ti gbàgbé ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ wọn. Nígbà tí a kọ́ Federal Palace Hotel fún òmìnira ní 1960, ìlẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n owó ni ó wá di kọ́kọ́rọ́.

Ní ti oúnjẹ, àlejò tí ó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kì í jẹun lẹ́ẹ̀mẹta ní ilé onílé rẹ̀. A a jí, a a kí gbogbo ilé, a a ní òun fẹ́ tètè dé ọjà, a a sì lọ jẹun níta. Èyí ni ọ̀nà tí ó fi ń dín ìnira ìyàwó onílé kù láì sọ ọ́ jáde. Oúnjẹ títà ní Èkó ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe, mo sì fẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ tí ó yẹ fún àwọn ìyá tí ó ń tà á. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà wà ní gbogbo ìkóríta. Ohun tí àwa ń pè ní ọ̀ọ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mọ́ínmọ́ín, orúkọ yìí sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àlejò dúró níwájú oúnjẹ tí ó mọ̀ dáadáa kí ó máa béèrè pé kí ni yìí. Lọ́sàn-án, ó di inú bùkà. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni bùkà, àgọ́ kékeré ni ó túmọ̀ sí. Àwọn aláfẹ́ ni ó fi òyìnbó díẹ̀ sí i tí ó fi di bùkátéríà. Bẹ́ǹṣì gígùn, tábìlì kan, ìkòkò mẹ́rin, àti ìyá kan tí ó mọ oníbàárà rẹ̀ ní ojú, tí ó mọ ẹni tí a lè bù oúnjẹ fún kí ó san án ní òpin oṣù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà ni ó rí onígbọ̀wọ́ sí ẹnu iṣẹ́ lórí bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà àgànyìn náà wà níbẹ̀. Àgànyìn ni àwọn ará Èkó ń pe àwọn tí ó wá láti Tógò, Dàhòmì àti Ghana, àwọn obìnrin wọn ni ó sì mú ẹ̀wà rírọ̀ àti ata dídín dúdú yìí wọ ìgboro. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé nígbà tí àwọn ará etí òkun ìwọ̀-oòrùn ń bọ́ wa ní Èkó, àwa náà ń lọ jẹun ní ìlú wọn.

Kí n tó lọ sí ọ̀hún, ó yẹ kí n sọ ohun tí ó gba ilé lọ́wọ́ àwọn onílé wa ní Èkó. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Súrùlérè. Ilé Súrùlérè mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń jẹun, yàrá rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ, aya àti ọmọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kò sí. Àwọn tí ó ya àwòrán ilé wọ̀nyẹn kò ronú kan àlejò láti Ọ̀fà, kò sì yẹ kí a retí pé kí wọ́n ronú kàn án. Láti ìgbà náà ni gbólóhùn "kò sí àyè" ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu àwọn tí kò sọ ọ́ rí.

Ní Accra, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ti Èkó lọ. Àwọn ọmọ Ọ̀fà, pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà, Ìgbẹ́tì, Èjìgbò àti àwọn mìíràn, ti ń lọ sí Gold Coast fún òwò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ẹsẹ̀ ni àwọn aṣáájú fi rìn gba Dàhòmì àti Tógò kọjá. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ni ó wọ bọ́lẹ̀kájà. Nígbà tí a ka ènìyàn ní Ghana ní 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Kò sí ọjà ńlá kan ní orílẹ̀-èdè náà, láti Accra títí dé Tamale, tí o kò ní rí àtẹ Yorùbá nínú rẹ̀.

Àlejò kò lè dé Accra kí ó wulẹ̀ sùn. Onílé níbẹ̀ ni báńkì. Àwọn Haúsá tí wọ́n jọ ń gbé ní sọ́ńgò ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní màìgídá: ẹni tí ó ń fún àlejò ní ibùsùn, tí ó ń bá a wá oníbàárà, tí ó sì ń dúró fún un lórí gbèsè. Tiwa kò yàtọ̀ púpọ̀. Ọmọkùnrin tí ó bá ti ilé dé yóò máa bá onílé rẹ̀ kiri ọjà, yóò máa jẹ, yóò máa sùn, kò sì ní gba owó. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni onílé yóò kó ọjà fún un ní àwìn, aṣọ, abọ́, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, yóò sì ní kí ó lọ dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ọdún mẹ́ta láìgbowó jẹ́ ibùwọ̀ ọ̀fẹ́, kí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Àwọn kan jẹ́ onílé tí ó ṣeun. Àwọn kan mú ọmọ ọlọ́mọ sìn ju bí ó ti yẹ lọ. A ní láti sọ méjèèjì.

Oúnjẹ Accra ni kẹ́ńkẹ́, tí ó dà bí ẹ̀kọ líle tí a jẹ́ kí ó kan. Àwọn Gã ń fi háhá àgbàdo wé e, àwọn Fante ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, ẹja dídín àti ata lílọ̀ ni a sì fi ń jẹ ẹ́. Ẹja náà ń ti inú ọkọ̀ apẹja bọ́ sínú epo láìkọjá lọ́wọ́ ẹnìkejì. Àwọn tí ó ti ibẹ̀ dé sọ fún mi pé kẹ́ńkẹ́ kì í dùn lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àti pé lẹ́yìn ọdún kan ẹ̀kọ ilé ni ẹnu ń kọ̀.

Nínú pálọ̀ irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀, ní Èkó àti ní Gold Coast, ni àwọn ọmọ ìlú ti ń pàdé ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí ó kú, wọ́n dá owó sin ín. Ẹni tí ọlọ́pàá mú, wọ́n dúró fún un. Ẹni tí kò rí iṣẹ́, wọ́n wá owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti ń dàgbà. Ẹgbẹ́ tiwa, Offa Descendants' Union, ni ó dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó ṣe é, mo máa ń ro ti obìnrin tí ó gbé ìjókòó sílẹ̀ tí ó sì se oúnjẹ ìpàdé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Onílé àti àlejò di ọ̀kan náà. Àwọn tí ó ti gbé níbẹ̀ fún ogójì ọdún, tí wọ́n kọ́ ilé, tí wọ́n kó ọjà fún ènìyàn ní àwìn, kò rí gbèsè wọn gbà. Wọ́n ta ìwọ̀nba tí wọ́n lè tà ní owó yẹpẹrẹ, wọ́n sì kọjú sí Lomé, Cotonou àti ilé. (Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Ghana, ìyẹn ni ó fún àpò onílà ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Kò yẹ kí a máa sọ èkíní ká gbàgbé èkejì.)

Mo wà ní Ọ̀fà nígbà náà, mo sì tó ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé. Ohun tí mo rántí ni pé ní alẹ́ kan wọ́n jí mi lórí ẹní mi, wọ́n ní kí n sún. Ọmọ mẹ́ta tí n kò rí rí ni wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Wọn kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Twi àti Haúsá ni wọ́n fi ń sunkún. Láàárọ̀ wọ́n ń béèrè kẹ́ńkẹ́. Bàbá wọn, tí gbogbo agbo ilé ti ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, jókòó sí ìdí ògiri pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Ilé tí ó gba ènìyàn mẹ́wàá gba ju ogún lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ti sùn ní pálọ̀ rẹ̀ ní Accra wá kí i pẹ̀lú èlùbọ́ àti owó. Àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá. Ìyá mi mọ àwọn méjèèjì ní oríkèé-ríkèé, títí ó fi kú kò sì gbàgbé.

Nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ pé ayé àtijọ́ dára, ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àwọn ọmọ tí a ń bá wí. Èkó tí wọ́n ń dé sí kì í ṣe Èkó tí mo ti ń sọ. Bar Beach tí a máa ń lọ wò ní ọjọ́ àjíǹde àti ọjọ́ Kérésì, tí àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà, tí ìjọba sì ti yìnbọn pa àwọn olè ní gbangba ní 1971, kò sí mọ́. Òkun jẹ ẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ títì, wọ́n wá kó iyanrìn dí i, wọ́n sì ń kọ́ Eko Atlantic sórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi òkun nísinsìnyí, Ẹlẹ́gùúṣì tàbí Ọ̀níru ni yóò lọ, a ó sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn bàbá wa kò tilẹ̀ lọ wo òkun bí kò ṣe pé ẹnì kan fi ipá mú wọn lọ. Mo mọ àgbà kan tí ó ṣe òwò ní Èkó fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí ó tó rí i, ohun tí ó sì sọ ni pé omi yìí pọ̀ ju ohun tí a lè fi ṣe lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sùn ní tòsí òkun, ní Victoria Island tàbí Lẹ́kí, owó rẹ̀ yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, Yábàá, Súrùlérè tàbí Èbúté Mẹ́tà ni kí ẹ sùn sí, kí ẹ gba orí afárá lọ sí etí òkun lọ́sàn-án, kí ẹ sì padà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye wákàtí tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ sì ní kí wọ́n ṣí omi kí ẹ fojú rí i. Èmi ti sùn rí ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí àwòrán ẹ̀rọ omi lára ògiri ti wúlò ju ẹ̀rọ omi fúnra rẹ̀ lọ. Ní ti oúnjẹ, bùkà kò tíì tán. Ibi tí àwọn awakọ̀ bá pọ̀ sí ni kí ẹ jókòó sí.

N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Mushin kò ní àyè àti gba ẹni mẹ́rin pẹ̀lú àpótí mẹ́jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò ní jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ohun tí ó dun àwọn àgbà, bí mo ti yé e sí, ni àìyọjú. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ó sì yẹ kí a máa dá a sọ ní ọ̀tọ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Èkó, mo sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Yábàá. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé àpò ànàmọ́ lọ sí Èbúté Mẹ́tà láti kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, opó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó ṣì ń gbé nínú yàrá tí mo ti sùn lórí ẹní nígbà tí mo wá ṣe ìdánwò. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi, "Akọ́wé, ọkọ mi, o káàbọ̀," ó sì tú àpò náà wò kí ó tó bi mí pé, "Ilé ta ni o dé sí?"

Ìtìjú mú mi díẹ̀. Mo ní, "Òtẹ́ẹ̀lì ni, ìyá mi. Ẹ má bínú."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni ń ó bínú? Àlejò mẹ́tàdínlógún ni mo gbà ní ọdún tí mo bí àkọ́bí mi. Mo kà wọ́n." Ó dá wọn lé ìka kí n tó jókòó, orúkọ wọn, agbo ilé wọn ní Ọ̀fà, ohun tí olúkúlùkù wọn gbé wá, àti èyí tí kò gbé nǹkan kan wá. Mo tọrọ bírò lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.